Ta Ni ‘Wọ́n’ Yẹn?

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tí èèyàn bá ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, oúnjẹ ló dà yẹn. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, ìfura ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé wò ó bóyá ilẹ̀ ti mọ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ìfura ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Níwájú rẹ̀, Olùtọ́jú ni, torí òun ló ń tọ́jú ilé àkójọ ohun ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà láàárín ìlú. Ó mọ orúkọ méjèèjì, ó sì ti ń fura sí ẹni tó sọ ọ́ ní ti àkọ́kọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ ńlá kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìjọba ní kí wọ́n ya gbọ̀ngán kan sọ́tọ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí orílẹ̀-èdè náà bí, kí àwọn ọmọdé lè máa rí ojú wọn. Olùtọ́jú gbé pátákó wọn kọ́ sára ògiri, fọ́tò lókè, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ wọn bí ilẹ̀ ṣe ń mì wà níbẹ̀, ẹni tó tú agogo ara ògiri ìyá rẹ̀ palẹ̀ kó tó rí irin fi ṣe ẹ̀rọ náà. Onímọ̀ ìṣirò tó ṣírò bí atẹ́gùn ṣe ń ti afárá gígùn wà níbẹ̀, òun tí wọ́n ní kò lè dá iye ọmọ rẹ̀ sọ láìjẹ́ pé ó tò wọ́n sílẹ̀ kà. Dókítà tó rí kòkòrò tó ń ba ojú àwọn apẹja jẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni Bàbá Olómi. Òun lọ̀rọ̀ kàn.

Ta ni ò mọ Bàbá Olómi? Nígbà kan, omi kànga ń pa àwọn èèyàn ní agbègbè òkè. Omi náà mọ́ lójú, kò rùn, kò korò, ṣùgbọ́n májèlé inú àpáta ti wọ inú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn tó ń mu ún á le gbagidi, ara wọn á máa kú díẹ̀díẹ̀, àwọn náà á sì tẹ̀lé e. Bàbá Olómi ló gbé e jáde pé ìpẹtà lásán, ìpẹtà ara ìṣó àtijọ́ tí gbogbo wa ń dà nù, máa ń di májèlé yẹn mú bí omi bá gba àárín rẹ̀ kọjá. Korobá méjì, yanrìn, ìṣó tó ti dípẹtà. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílé, ó ní ìyẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń mí lónìí nítorí rẹ̀.

Arúgbó ni Bàbá Olómi nígbà tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n tọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ fi ‘ó’ pe àgbàlagbà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, ‘ó’ ni n ó fi pe gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà. Ẹ má tíì pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Olùtọ́jú fẹ́ kí àwọn àlejò máa gbọ́ ohùn àwọn onímọ̀ náà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kan lábẹ́ fọ́tò. Ilé iṣẹ́ rédíò wá bá a yọ ọ̀rọ̀ kan jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ọ̀rọ̀ tí Bàbá Olómi bá wọn sọ nígbà tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Olùtọ́jú gbà á sórí fóònù, ó jókòó sí ọ́fíìsì, ó bu tíì sọ́wọ́, ó ń gbọ́ ọ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní kí Bàbá Olómi sọ fún aráyé bó ṣe rí nǹkan ìyanu yìí.

Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, jẹ́jẹ́: “Ká sọ tòótọ́, èmi kọ́ ni mo rí i. Wọ́n ti rí i kí n tó dé. Wọ́n ti rí i, wọ́n ti dán an wò, wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́. Èmi kàn gbé e jáde ni.”

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀ bí!” Ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn.

Tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà òdì lọ́fun Olùtọ́jú. Ìrẹ̀lẹ̀ kẹ̀! Ẹni tó ní wọ́n ti rí i kí òun tó dé, ṣé kì í ṣe ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ yẹn? Ta ni ‘wọ́n’? Wọ́n níbo? Wọ́n mélòó? Ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Bó ṣe ń gbọ́ ọ sí i ni ohùn jẹ́jẹ́ náà ń dà bí ohùn olè létí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kí ẹ tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ yìí, ó gbé fọ́tò ọkùnrin kan kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, Oníràwọ̀, tó ní òun rí ìràwọ̀ tẹ́nìkan ò rí rí. Kò pẹ́ ni àṣírí tú pé ẹlòmíràn ti rí i ṣáájú, pé ńṣe ló kàn fi orúkọ tirẹ̀ bo tẹni ẹlẹ́ni. Àwọn ìwé ìròyìn fi Olùtọ́jú ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ó já fọ́tò náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ ìṣó tó fi kọ́ ọ. Ó fi í síbẹ̀ kó máa rán òun létí, àràárọ̀ ló sì ń wò ó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.

Ó gbé fóònù lọ bá Ọ̀gá Àgbà, olórí ilé àkójọ náà, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ayẹyẹ ju iṣẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngán.

“Olùtọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ọ̀sẹ̀ kan yìí,” ni Ọ̀gá Àgbà wí. “Bàbá yẹn ò lè dìde mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn. Ohun tá a fẹ́ ni pé kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n mọ̀ pé a mọyì wọn. Ẹ wá ń sọ ‘wọ́n’, ‘wọ́n’. Wọ́n wo?”

“Ohun tí èmi náà ń béèrè nìyẹn, sà.”

“Tó bá jẹ́ olè ni wọ́n, ẹ mú ẹ̀rí wá, ká gbé pátákó wọn kúrò. Tí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sára ògiri. Ògiri ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Olùtọ́jú jáde, inú ń bí i. Bó bá fi arúgbó náà sílẹ̀ tí àṣírí wá tú, ìtìjú Oníràwọ̀ á di eré ọmọdé. Bó bá sì já a wálẹ̀ láìjẹ̀bi, ó ti fi ìtìjú rán arúgbó lọ sọ́run nìyẹn. Méjèèjì ń bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ti àkọ́kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù.

Ó wá Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ, ẹni tí òun àti Bàbá Olómi jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kan náà láyé ọjọ́un. Ó bá a níwájú ilé níbi tó ti ń gé òdòdó, ó sì fi ohùn inú fóònù náà gbọ́ ọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì fi èèkù àdá ọwọ́ rẹ̀ họ etí.

“Mo gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà náà. Ẹni mẹ́rin la kù sí yàrá yẹn yàtọ̀ sí i. Inú mi dùn pé ó rántí wa. Mo rò pé àwọn mẹ́ta yòókù ni wọ́n rí i. Nígbà tó pẹ́, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn rò pé èmi ni.”

“Ẹ ò wá bi í?”

“Kí n bi í, kó wá sọ pé kì í ṣèmi?” Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n sá díẹ̀. “Ìyìn tó já lé èèyàn lórí, ta ní í gbọ̀n ọ́n dànù? ‘Wọ́n’ yẹn, mo gbé e wọ̀ bí ẹ̀wù. Kò fún mi, kò sì ṣò.”

“Kò sí ẹlòmíì níbẹ̀?”

“Rárá. Àfi ọ̀gá wa àtijọ́, tó kọ́ gbogbo wa níṣẹ́. Àwọn sì ti kúrò kí ọ̀rọ̀ ìpẹtà yìí tó jáde. Òfin ilé iṣẹ́ ló lé wọn.”

Etí Olùtọ́jú dìde. “Òfin lé wọn? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?”

“Wọ́n wà láyé. Wọn kì í jáde ni.”

“Níbo ni mo ti lè rí wọn?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó bí ẹni tó bi í pé ibo loòrùn ti ń yọ. “Ẹni tó bá ń wá wọn, ṣebí ilé Bàbá Olómi ló ń lọ?” Ni wọ́n bá pè é nínú ilé pé oúnjẹ ń tutù, ó sì wọlé lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ìfura lè fi ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Kí Olùtọ́jú tó dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀ lójú ọkàn: bàbá arúgbó kan, ọ̀gá nínú ìmọ̀, irùngbọ̀n funfun, ọ̀pá lọ́wọ́. Wọ́n lé e kúrò níbi iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jí ìmọ̀ rẹ̀ gbé, ó wá há a mọ́ ilé ara rẹ̀ kó má baà sọ̀rọ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fata sẹ́nu! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a, Olùtọ́jú sì ti pinnu pé ọ̀la lọjọ́ náà.

Ìyàwó Bàbá Olómi ló ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ kejì, ó sì ṣí i láàbọ̀ ni. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ funfun gbòò, ojú rẹ̀ kò gba ìsọkúsọ. Ohun tí Olùtọ́jú kọ́kọ́ rí ni ọwọ́ rẹ̀: ìka rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ títí dé èékánná. Kí làgbàlagbà ń fi irú ọwọ́ yìí ṣe?

“Ẹ káàsán, mà. Ilé àkójọ ni mo ti wá. Mo fẹ́ béèrè nípa ọ̀gá àtijọ́ tí Bàbá ní.”

Ojú obìnrin náà yí padà. “Ọ̀gá wo?”

“Ẹni tó kọ́ Bàbá níṣẹ́.”

“Ọ̀gá yẹn ti jókòó jẹ́ẹ́ tipẹ́. Kò ní nǹkan kan í sọ.”

“Ṣé wọ́n wà nínú ilé yìí, mà?”

Màmá wò ó títí. “Ṣé Bàbá lẹ wá kí, àbí ọ̀gá lẹ wá wá?”

“Bàbá ni, mà,” ni Olùtọ́jú fèsì kíákíá. Ó dá a lójú pé òun ti fọwọ́ kan ojú egbò.

Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tóóró kọjá. Ilẹ̀kùn kan wà lápá òsì tí wọ́n fi àgádágodo tì, láti ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni Olùtọ́jú ti ń gbọ́ nǹkan tó ń ró tó, tó, tó, bí omi tó ń kán sínú ìkòkò. Ó dúró.

“Kí ló wà níbẹ̀, mà?”

“Ẹrù,” ni Màmá wí. Kò dúró.

Ó ní kí Olùtọ́jú dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ná, kí òun lọ mú aṣọ ibùsùn wá, ó sì gba ẹ̀yìn lọ. Nínú yàrá, Olùtọ́jú rí arúgbó náà lórí ìrọ̀rí, ó fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ fa nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́ra. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yéni.

“Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ o. Bí wọ́n bá mọ̀, mo gbé.”

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó sì ti nǹkan kan bọ àpò. Olùtọ́jú fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti rí wọn! Ó ti gbọ́ wọn! Nígbà tí Màmá padà dé, tó ní Bàbá ti fẹ́ sùn, kí àlejò máa bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, Olùtọ́jú kò tilẹ̀ jiyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ìta.

Ó padà sí gbọ̀ngán. Ó tú pátákó Bàbá Olómi kúrò, ó sì gbé e kojú sí ògiri nílẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é, òun kò sì tíì gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé yẹn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á lọ bi arúgbó náà lójúkojú, kó tó di pé òun bá Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ. Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn. Màmá wà lẹ́yìn, ó ń ṣe nǹkan. Olùtọ́jú fa àga súnmọ́ ibùsùn, ó mú fóònù jáde, ó sì tẹ̀ ẹ́. “Èmi kọ́ ni mo rí i. Wọ́n ti rí i kí n tó dé…”

Arúgbó náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà tó ṣì le koko. Ojú rẹ̀ tàn. Omi sì lé ròrò sí i lójú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ‘wọ́n’ yẹn?”

Ó yíjú sí i pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, àfi bí ẹni pé àlejò béèrè ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò bọ́ síta. Ó sinmi díẹ̀. Ó wá wo nọ́ọ̀sì, ó sì rọra béèrè pé:

“Ṣé wọ́n ti jẹun?”

“Wọ́n ti jẹun, Bàbá. Wọ́n mu tíì, wọ́n sì jẹ búrẹ́dì. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Olùtọ́jú wo yàrá náà yíká. Kò rí èrò kankan. “Ta ló ti jẹun?”

“Màmá ni,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Bí Bàbá bá ti jí, Màmá lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè.”

“Màmá? Bàbá ń pe ìyàwó ara wọn ní ‘wọ́n’?”

“Láti ìgbà tí mo ti débí. Bàbá ò fi ‘ó’ pe Màmá rí, wọ́n sì máa ń kí wọn pé ‘ẹ káàárọ̀’ ni. Ó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín.” Nọ́ọ̀sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Àná tẹ́ ẹ bá wa, oògùn ni Bàbá ò fẹ́ mu. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí Màmá mọ̀.”

 Gbogbo ‘wọ́n’ tí Olùtọ́jú ti gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wa àtijọ́. Òfin ló lé wọn. Ẹni tó bá ń wá wọn, ilé Bàbá Olómi ló ń lọ. Ta ló sọ fún un pé ọ̀gá náà ní irùngbọ̀n? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Òun ló fi irùngbọ̀n sí i. Ojú tì í débi pé ó dìde láìmọ̀.

Ilẹ̀kùn àgádágodo ti ṣí sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgò ló kún inú yàrá náà, wọ́n tò ó sójú fèrèsé, wọ́n tò ó sórí tábìlì. Korobá kan wà lókè tó ń kán sínú èkejì, tó, tó, tó. Màmá dúró láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ pípọ́n rẹ̀ ṣa ìṣó onípẹtà sínú yanrìn.

“Àwọn ará àdúgbò ṣì máa ń gbé omi wọn wá fún mi wò,” ó ní láìyíjú padà. “Ọ̀gá tẹ́ ẹ wá wá lánàá nìyí.”

“Ẹ̀yin lẹ rí i, mà.”

“Èmi ni.” Ó gbé ìgò kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. “Èmi ni mo gbà á síṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tá a fẹ́ra, òfin ní tọkọtaya ò gbọdọ̀ wà ní yàrá ìwádìí kan náà. Oyún wà níkùn mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo kó ìgò omi tí mi ò tíì wò tán wálé. Ìdérí irin ìgò kan dípẹtà, ó ré sínú omi. Mo kán oògùn tá a fi ń dá májèlé mọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn tó kù pọ́n, májèlé wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló mọ́ gaara. Mo fi ìṣó dán an wò léraléra. Bó ṣe ti ibi iṣẹ́ wọlé ni mo sọ fún un, kò tíì bọ́ bàtà.”

Olùtọ́jú gbọ́ ‘ó’ yẹn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ‘Bàbá’ ni Màmá ń wí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ báyìí.

“A mọ̀ pé wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tí òfin ti lé, làwa méjèèjì bá fẹnu kò pé kó gbé e jáde lórúkọ ara ẹ̀, bí wọ́n bá ti gbà á, kó wá sọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tó lọ sí rédíò, ibà mú ọmọ wa, mo gbé e dání, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Aládùúgbò wa sáré wọlé: ‘Ọkọ rẹ mà níwà o! Ó láwọn ará ibi iṣẹ́ òun ni wọ́n rí i.’” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò. “Ó fi ọkùnrin mẹ́rin bò mí mọ́lẹ̀.”

“Ẹ ò bi wọ́n, mà?”

“Kí n máa tọrọ ohun tó jẹ́ tèmi? Mo ní n ó dúró kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo dúró, mo dúró, irun mi funfun. Látìgbà yẹn lèmi náà ti ń pè é ní ‘wọ́n’. Ẹ máa rò pé ọ̀wọ̀ ni.”

 Olùtọ́jú kàn tẹ fóònù, ó sì gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn ìgò.

“Èmi kọ́ ni mo rí i. Wọ́n ti rí i kí n tó dé. Wọ́n ti rí i, wọ́n ti dán an wò, wọ́n ti mọ ohun tó jẹ́. Èmi kàn gbé e jáde ni.”

Màmá kò mira. “Tún un fi.”

Olùtọ́jú tún un fi.

“Kó tó dé,” ni Màmá wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Ibo ló dé? Ilé ló dé. Ilé níbí.” Ó wá àga, ó jókòó. “Bó ṣe máa ń pè mí nínú ilé náà ló pè mí lórí rédíò. Kò mọ ọ̀nà míì tó máa gbà pè mí. Ọ̀gá ẹ̀ ni mo jẹ́ tó fi mọ̀ mí.” Ó bo ojú, ìpẹtà sì fi ilà pupa sí i léèkẹ́. “Ogójì ọdún! Aládùúgbò yẹn ti kú, ì bá ṣe pé ó wà láyé, n bá lọ kàn án nílẹ̀kùn báyìí.”

Ó dìde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Olùtọ́jú tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti dúró ṣe amí lánàá.

“Ẹ sọ ọ́,” ni Màmá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà. “Ẹ ti sọ ọ́ látijọ́.”

Arúgbó náà wò ó. “Mo… sọ ọ́. Mo rò pé ẹ gbọ́. Ẹ ò… sọ nǹkan kan. Mo ní bóyá… ẹ ò fẹ́ kí n tún un sọ.”

Ogójì ọdún lẹ gbọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ọlọ́pọlọ méjì lábẹ́ òrùlé kan, àwọn tó rí ohun tó pamọ́ sínú omi, wọn kò rí ohun tó wà lórí tábìlì oúnjẹ wọn.  Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó di ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú, ó sì sunkún bí ọmọdé, láìbojú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó nu imú.

“Ṣé ẹ lo oògùn yín lánàá?”

Arúgbó náà wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo òkè àjà.

Olùtọ́jú tọrọ àforíjì níbi tó dúró sí. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pátákó tó kojú sí ògiri, ọ̀gá onírùngbọ̀n, olè tó fi pe Bàbá. Màmá gbọ́ ọ tán. Kò sọ pé kò burú, kò sì bú u.

“Èmi náà fi í pè é,” ó ní, “témi sì pẹ́ ju tiyín lọ. Ẹ gbé pátákó ẹ̀ padà síbi tó wà.”

“Màá gbé e padà, mà. Tiyín ńkọ́? Ìṣó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí mi ò rí nǹkan gbé kọ́ látọjọ́ yìí. Ó ti dípẹtà.”

“Ẹ gbé mi kọ́ síbẹ̀,” ni Màmá wí. “Ẹ kọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ti inú ilé ìwé, kì í ṣe torúkọ ọkọ. Ẹ mú bírò.”

Ó pe orúkọ náà, ó pè é tán pérépéré, ó ní kí Olùtọ́jú kà á fún òun, ó sì bá a fi àmì tó gbàgbé sórí rẹ̀. Lórí ìrọ̀rí, ètè arúgbó náà ń mì. Ó ń bá wọn pè é.

“Ṣé ẹ ti kọ ọ́?”

“Mo ti kọ ọ́, mà.”

“Ó dáa,” ni Màmá wí. “Ẹ má kọ ‘wọ́n’ o.”